Ọjọ́ ti kọjá lórí iye tí wọ́n ka ilé mi sí, ṣé ó ti bọ́ nìyẹn?

Ìyá Ìbejì, Katy (Texas):
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Láti ìparí oṣù kẹta ni mo ti wà n'Íbàdàn nítorí ìsìnkú bàbá mi, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àná ni mo rí lẹ́tà àwọn tó ń díye lé ilé fún owó-orí. Orí fíríìjì ni ọkọ mi jù ú sí, lábẹ́ kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, kò tilẹ̀ já a. 412,000 dọ́là! Ilé tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti là, tí ilẹ̀kùn yàrá àwọn ọmọ kò ṣé tì mọ́. Wọ́n ní ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún ni ọjọ́ tí mo ní láti fi protest, kí n kọ̀wé tako iye náà, ti parí.

Ọmọ Èkìtì, Houston:
Àǹtí, ẹ kàn sọ fún wọn pé ẹ ò rí lẹ́tà kankan gbà. Ó parí.

Màmá Sugar Land:
Ìwọ ọmọ yìí, má kọ́ ìyàwó oníyàwó ní irọ́. Lẹ́tà tó wà lórí fíríìjì ni yóò sọ pé òun kò rí? Tí wọ́n bá ti fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tó tọ́, òfin gbà pé ó dé ọwọ́ rẹ nìyẹn. Ẹni tí wọn kò fi ránṣẹ́ sí rárá, tàbí tí wọ́n fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí ibòmíì, ni òfin “n kò rí lẹ́tà gbà” wà fún. Irú wọn ní àyè láti fi ránṣẹ́ kí ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀ tó dé.

Bọ̀dá Ìjẹ̀bú, Houston:
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó, ẹ̀yìn bàbá á dára. Kò tíì bọ́. Ìdí tí ẹ fi pẹ́ ló máa sọ ilẹ̀kùn tí ẹ máa kàn. Tí ARB, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ iye ilé, kò bá tíì fọwọ́ sí ìwé iye ilé ti ọdún yìí, wọ́n lè gbà yín wọlé tí ìdí yín bá múná dóko. Inú oṣù keje yìí náà ni wọ́n sábà máa ń fọwọ́ sí i, nítorí náà ẹ má sùn mọ́jú ọ̀la kí ẹ tó fi ránṣẹ́. "Mo gbàgbé" kò wọ̀ ọ́, "ọwọ́ mi dí" kò wọ̀ ọ́. Ẹ so tíkẹ́ẹ̀tì bàálù àti ìwé ètò ìsìnkú mọ́ ọn. Àwọn ló máa pinnu ṣá o.

Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ ṣì lè lo 25.25, bí a ṣe ń pe ẹsẹ òfin owó-orí Texas tó gbà kí wọ́n tún iye ilé ṣe. Ìyẹn ṣí títí di kí oṣù kejì tó wọlé, àmọ́ ìṣirò rẹ̀ le. Ilé tí ẹ fúnra yín ń gbé, tó ní homestead (ẹ̀dínwó owó-orí fún ilé tí onílé fúnra rẹ̀ ń gbé), iye wọn gbọ́dọ̀ fi ohun tó ju ìdá mẹ́rin kan iye tó tọ́ lọ ga ju iye tó tọ́ náà. Tí iye tó tọ́ bá jẹ́ 320,000, ìdá mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 80,000, àpapọ̀ 400,000. 412,000 ti kọjá a, ẹ wọlé. Tí ó bá jẹ́ 335,000 ni ẹ lè fi hàn, ẹ jáde nìyẹn. Ilé tí a fi háyà, ìdá mẹ́ta kan ni. Bí ẹ bá tilẹ̀ borí, wọ́n á tún fi ìdá mẹ́wàá kan owó-orí náà lé e, ìyà pé ẹ pẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn ti àkọ́kọ́.

Ìgbà wo ni ìpìlẹ̀ yẹn là? Iye ilé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni wọ́n ń kà.

Ìyá Ìbejì:
Nígbà ooru ọdún tó kọjá ni, tí òjò kò rọ̀, tí ilẹ̀ gbẹ tó sì ń là káàkiri.

Bọ̀dá Ìjẹ̀bú:
Ó dára. Ẹ wá fọ́tò tí ẹ yà nígbà yẹn, kí déètì fóònù hàn. Kí ẹni tó ń tún ìpìlẹ̀ ṣe kọ iye tí yóò gbà sórí ìwé, ẹ má mú ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Ẹ sì san owó-orí tí ẹ gbà pé ẹ jẹ kí oṣù kejì tó dé, ẹjọ́ ì báà má tíì parí. Ẹni tí kò san, ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ.

Bàbá Ewúro, Missouri City:
Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ nípa ilé yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi gba owó-orí swimming pool lọ́wọ́ mi. Ewúro àti tẹ̀tẹ̀ ló wà lẹ́yìnkùlé mi! Ohun tí kò sí rárá tí wọ́n kà mọ́ ilé, ẹ lè ní kí wọ́n yọ ọ́ fún ọdún yìí àti ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Wọ́n dá tèmi padà.

Màmá Sugar Land:
Ẹ wò ó bóyá homestead tilẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ẹni tó gbàgbé rẹ̀ lè béèrè títí di ọdún méjì lẹ́yìn ọjọ́ tí owó-orí ọdún náà ti di gbèsè.

Ìyá Ìbejì:
Ó wà níbẹ̀, mà. Ẹ ṣé gan-an. Mo ti rí fọ́tò kan, oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá: mo fi kótà kan, owó ẹyọ, sínú ihò náà, ó dúró ṣánṣán. Ọkọ mi ní kí n kí yín. Mo ní kó lọ wá ìwé ètò ìsìnkú wá ná.