«Àìṣọ̀rẹ́» kọ́ ni ìṣọ̀tá

Ẹ̀gbọ́n wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé ìṣirò tí Cartwright àti Harary gbé kalẹ̀ ní 1956 lórí èrò Heider, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá, ti 1946: wọ́n ń fi ìlà so ènìyàn mọ́ ènìyàn, ìlà kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀, láti mọ̀ bóyá ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá inú ẹgbẹ́ kan lè jẹ́ kí ó dúró. Ẹ wá pe ìlà alámì ìròpọ̀ láàrin ènìyàn méjì ní «ìṣọ̀rẹ́», ẹ pe alámì ìyọkúrò ní «àìṣọ̀rẹ́». Mo gba ti àkọ́kọ́. Èkejì há mi lọ́fun.

Kí ni «àì-» ń ṣe lẹ́nu wa ná? Àìjẹun: oúnjẹ ò kan ẹnu. Àìmọ̀: a ò mọ̀. Ohun tí kò sí ló ń sọ. Èmi àti aránṣọ kan ní Ṣábẹ̀ẹ́ tí a ò rí ara wa rí, àìṣọ̀rẹ́ nìyẹn, kò sí ìlà kankan láàrin wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá àgbà mi ní Kétu ń bá orogún rẹ̀ jà, kì í gba iwájú yàrá onítọ̀hún kọjá. Ẹ̀yìnkùlé ló máa ń gbà yí po, tòun ti ìkòkò omi lórí. Àìṣọ̀rẹ́ nìyẹn náà? Àbí àìṣọ̀rẹ́ ló gbé Dàhòmì wá fọ́ Kétu ní 1886? Ìṣọ̀tá ni, ẹ̀gbọ́n! Ọ̀rọ̀ náà ti wà kí wọ́n tó bí wa.

Ìṣirò ọ̀hún gan-an kò gbà fún yín. Ènìyàn mẹ́ta, ìlà mẹ́ta: ẹ sọ àwọn àmì náà di púpọ̀, bó bá já sí ìròpọ̀, ẹgbẹ́ náà dúró. Ọ̀tá ọ̀tá mi tó di ọ̀rẹ́ mi, ìyọkúrò méjì, ìròpọ̀ kan, ó dúró. Àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì tó ń bára wọn jà ni kì í jẹ́ kí n sùn. «Àì-» tiyín, òdo ni. Ẹ fi òdo sọ nǹkan di púpọ̀, ẹ wo ohun tó máa ṣẹ́ kù.

Àbúrò kan bi mí pé «àìsàn» ńkọ́, ṣebí ó ń pani. Ó gbá mi mú díẹ̀ níbẹ̀, n ò parọ́. Àmọ́ àwọn àgbà ló fẹnu lo ìyẹn títí tó fi gbó. Tiyín ò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹni tó ní kí n lọ kọ́ Yorùbá torí pé Faransé ni mo fi kàwé, ta ni ò fi Faransé kàwé nínú wa níhìn-ín? Ìyá àgbà tí mo ń wí yìí ò gbọ́ «bonjour».

«Ìdọ́gba» tí ẹ fi pe ẹgbẹ́ tó dúró náà, mo ń bọ̀ lórí ẹ̀.