Ẹ̀ka funfun lórí òdòdó pupa ìyá mi: ṣé kí n gé e?

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin olódòdó. Ìyá mi ló gbin bougainvillea kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì wa kí wọ́n tó papò dà. Pupa yòò ni mo ti mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí, ẹ̀ka kan yọ láàárín rẹ̀, ó tan funfun báláú. Mo ki ọwọ́ bọ àárín ẹ̀gún, mo tọ ọ́ dé ìdí, ẹ̀gún ha mí lápá. Ara igi yẹn gan-an ló ti hù, kì í ṣe igi mìíràn ló lọ́ mọ́ ọn. Níbi tí àwọ̀ méjèèjì ti pàdé, mo rí ẹyọ òdòdó kan tó pín sí méjì gééré: ìdajì pupa, ìdajì funfun. Àwọn ará àdúgbò ní àmì ni, kí n gé e sọnù. Ọkàn mi ò gbà á. Kí ló ṣe é?

Olódòdó Adó: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ nù! Ẹ gé ẹ̀ka funfun yẹn níbi tó ti gbó díẹ̀, kó gùn tó pẹ́ńsùlù, kí ẹ fi gún iyanrìn tútù lábẹ́ ìbòòji. Ó máa ń pẹ́ kó tó ta gbòǹgbò, ẹ má fà á tu wò. Bí pupa bá tún hù lára rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ẹ tètè gé e, torí pupa lè borí funfun.

Tíṣà Ìkọ̀lé: Ọmọ mi, kò sí àmì kankan níbẹ̀. Bí ẹ̀ka bá ń rú, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń pín, ó sì ń da ohun tó jogún kọ. Bó bá ṣi ẹyọ kan kọ, gbogbo ohun tó bá hù láti ibẹ̀ á gba àṣìkọ náà. Ẹ̀ka yín ò lè po aró pupa mọ́, ìyẹn náà ni. (Ohun tí à ń pè ní òdòdó lára bougainvillea, ewé ni. Òdòdó gan-an ni ṣóńṣó kékeré àárín yẹn.) Irú àṣìkọ bẹ́ẹ̀ wà lára ṣọkọ tí à ń sè náà: ọ̀kan wà tí orí rẹ̀ fẹ̀, tó wé bí ogbe àkùkọ, òun làwọn èèyàn ń gbìn sójúde fún ẹwà.

Nígbà mìíràn, kì í tilẹ̀ ṣe àṣìkọ. Ní 1742, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Sweden rí òdòdó tó yẹ kó ní ìrù kan, àmọ́ tó yọ ìrù márùn-ún. Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Sweden, sọ ọ́ ní Peloria, ìyẹn abàmì lédè Gíríìkì. Ní 1999 ni wọ́n tó rí i pé jíìnì rẹ̀, ìyẹn ohun tó jogún, ò yí padà. Ṣe ni ẹnu rẹ̀ dí, tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́: Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹ ṣeun, àbúrò. Mo ti gé mẹ́ta, wọ́n wà nínú agolo mílíìkì tí ìyá mi fi ń gbin ata. Èyí tó kù lórí igi, mi ò fọwọ́ kàn án.