Ṣé kí n ra fóònù tuntun ni, àbí kí n pààrọ̀ bátìrì èyí tó wà lọ́wọ́ mi?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́, ìmọ̀ràn yín ni mo ń wá kí n tó náwó tí n ó kábàámọ̀ rẹ̀. Aṣọ ni mo ń rán n'Íbàdàn, fóònù ni mo sì fi ń ya àwòrán iṣẹ́ mi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà lórí WhatsApp. Ó ti pé ọdún 5 tí mo ti ń lo èyí tó wà lọ́wọ́ mi. Kámẹ́rà rẹ̀ ṣì ń ya àwòrán tó mọ́lẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì sán, ṣùgbọ́n bí mo bá ṣáàjì rẹ̀ kún láàárọ̀, kì í di ọ̀sán kó tó kú.

Mo mọ̀ pé agbára bátìrì máa ń dínkù bí a bá ti ń ṣáàjì rẹ̀ léraléra, nítorí náà ó lè jẹ́ pé bátìrì nìkan ló gbó. Ohun tó ń kọ mí lóminú jù ni pé àtúnṣe ààbò tí ilé-iṣẹ́ fi ń dènà àwọn olè orí ayélujára kò wọlé sórí fóònù náà mọ́, bẹ́ẹ̀ orí rẹ̀ náà ni áàpù báńkì tí mo fi ń gba owó iṣẹ́ wà. Samsung ṣèlérí irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún 7 fún fóònù Galaxy S24 tó jáde lọ́dún 2024, èyí sì wù mí gan-an. Àmọ́ owó rẹ̀ lè ra ẹ̀rọ ìránṣọ mìíràn fún mi, èmi tí mo ní ọmọ iṣẹ́ méjì tí wọ́n ń pín ẹ̀rọ kan lò.

Ṣé tòkunbọ̀ S24 yìí ṣeé rà? Ẹni tó bá sì ti pààrọ̀ bátìrì rí, ó tó ìgbà wo kó tó tún bẹ̀rẹ̀ wàhálà?