Ẹ̀tọ́ àjọgbé ni, kì í ṣe ìdájọ́ àwùjọ

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ nípa iṣẹ́ onímọ̀ àwùjọ kan béèrè bóyá "ìdájọ́ àwùjọ" lè dúró fún "social justice" tí onítọ̀hún ń kọ́ni: pé kí olúkúlùkù rí ohun tó tọ́ sí i gbà nínú ìlú. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lò ó. Ẹni tó bá kà á á rò pé àwùjọ ló ń dá ènìyàn lẹ́jọ́. Bí ẹ fi "òdodo" kún un, ilé ẹjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ á ṣì lọ.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀, ohun tí àgbẹ̀ ń san fún onílẹ̀ tó fún un nílẹ̀ dáko, ní Ifẹ̀ níbí. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà. Àwọn àgbẹ̀ kan ní ìṣákọ́lẹ̀ ti dópin nìyẹn. Àwọn onílẹ̀ ní kò jọ ọ́. Adájọ́ lè ní kí wọ́n san án, ẹjọ́ tán. Àmọ́ ìbéèrè onímọ̀ àwùjọ ṣì wà nílẹ̀: ẹni tí baba baba rẹ̀ ti ń tọ́jú kòkó lórí ilẹ̀ yẹn, kí ló tọ́ sí i níbẹ̀? Kí ló tọ́ sí onílẹ̀? Ọ̀rọ̀ tí a bá yàn gbọ́dọ̀ lè gbé ìyẹn.

"Ẹ̀tọ́ àjọgbé" ni èmi fara mọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akinsola Akiwowo, onímọ̀ àwùjọ, ló sọ àjọbí àti àjọgbé di ọ̀rọ̀ ìmọ̀, nínú àpilẹ̀kọ tí Yunifásítì Ifẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1983. Àjọbí ni okùn ẹ̀jẹ̀. Àjọgbé ni ti àwọn tí wọn ò bá ara wọn tan ṣùgbọ́n tí wọ́n jọ ń gbé. A sì ti ní "ajàfẹ́tọ̀ọ́" lẹ́nu tẹ́lẹ̀, nítorí náà "ó ń jà fún ẹ̀tọ́ àjọgbé" kò ní há oníròyìn lọ́fun.

Àbúrò kan ní yóò dàrú mọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Kò ní dàrú. Ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn wà lára ẹnì kan ṣoṣo, ì báà máa dá gbé. Ti àjọgbé jẹ mọ́ bí a ṣe ń pín ohun tó wà láàrin wa.

"Ẹ̀kọ́ Áfíríkà", tí wọ́n fi ń túmọ̀ "African Studies", náà gba ìṣọ́ra. "Ìmọ̀ nípa Áfíríkà" tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, àmọ́ kò tó fún irú Akiwowo. Ní 1986 ó mú Àyájọ́ Àsùwàdà, ewì àbáláyé, ó sì fa èrò yọ nínú rẹ̀ nípa bí ẹ̀dá ṣe ń kóra jọ níbi gbogbo láyé. Àwọn onímọ̀ mìíràn dá sí i: Makinde fèsì ní 1988, Lawuyi àti Taiwo ní 1990. Áfíríkà kọ́ ni wọ́n ń wò níbẹ̀. Ojú Áfíríkà ni wọ́n fi ń wo ayé. Bí ẹni tí ẹ̀gbọ́n ń kọ nípa rẹ̀ bá jẹ́ irú wọn, ẹ kọ "ìmọ̀ láti inú èrò Áfíríkà".

Ipò "Reader" ní yunifásítì, tó wà nínú ìtàn iṣẹ́ ẹni tí ẹ̀gbọ́n ń kọ nípa rẹ̀, ńkọ́? Ẹ má pè é ní òǹkàwé. Ẹ kọ "Rídà", kí ẹ fi kún un pé ipò tó kàn kí ènìyàn tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ni.