Ẹ̀yin tó ti ka ohun èlò kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ yín rí, kí ni ojú yín rí?

Akọ̀wé Tanke: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìlọrin ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀gá wa sì fẹ́ kí a kó àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn kúrò nínú fáìlì oníwèé bọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Àwọn tó fẹ́ bá wa ṣe é ní kí a kọ́kọ́ kọ gbogbo ẹ̀rọ àti ètò orí kọ̀ǹpútà tí à ń lò sílẹ̀. Mo rò pé iṣẹ́ ọjọ́ kan ni, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kejì rèé, n kò tíì parí rẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe irú rẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi.

Ìyá Oníṣirò: Ọmọ mi, o kú ìfaradà. Ibi tí wọ́n ti ń ta irin àti sìmẹ́ńtì lọ́nà Taiwo ni mo ti ṣe oníṣirò fún ọdún mọ́kànlá. Nígbà tí a fẹ́ so ẹ̀ka wa tó wà ní Ọ̀fà pọ̀ mọ́ ti Ìlọrin, ìwé ìrajà wa fi hàn pé kọ̀ǹpútà 14 ni a ní. A rìn yíká, a ka 23. Ọ̀kan wà lábẹ́ àtẹ̀gùn tí wọ́n fi aṣọ bò, kò ní ojú tí ènìyàn lè wò, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Àgùnbánirọ̀ tó wà pẹ̀lú wa ní epo jẹnẹrétọ̀ ló kàn ń jẹ, mo sì ní kó pa á. Ọjọ́bọ̀ ni. Nígbà tó di àárọ̀ Jímọ̀, Ọ̀fà kò lè tẹ rìsíìtì fún oníbàárà kankan mọ́, nítorí inú ẹ̀rọ yẹn ni iye owó gbogbo ọjà wà. Ọjọ́ méjì gbáko ni a fi ń fọwọ́ kọ ìwé, gbèsè àwọn kan sì wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ni mo pàṣẹ, ó sì ń dùn mí títí di òní. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa ohunkóhun kí o tó mọ ẹni tó ń jẹ nínú rẹ̀.

Ọmọ Ìgbájà: Ẹ forí jì mí, Ìyá. Báwo ni 14 ṣe di 23? Kọ̀ǹpútà kì í bímọ.

Ìyá Oníṣirò: Àwọn alábòójútó ẹ̀ka ló fi owó ìnáwó ojoojúmọ́ ra àwọn kan, wọ́n sì kọ wọ́n mọ́ àga àti tábìlì. Méjì jẹ́ èyí tí àwọn ọmọ ọ̀gá lò tì. Ìwé ìrajà kò mọ̀ wọ́n, iná ló mọ̀ wọ́n.

Bàbá Oníwáyà: Ẹ̀rọ abẹ́ àtẹ̀gùn yẹn, kò sí ilé iṣẹ́ tí mo dé tí n kò bá a níbẹ̀.

Olùkọ́ Ọmù-Àrán: Tiyín tiẹ̀ ṣeé fojú rí. Ní ilé ẹ̀kọ́ wa, ohun tí a kò lè fọwọ́ kàn ló dá wa dúró. Orúkọ tí àwọn òbí fi ń wá wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọdọọdún ni à ń san owó rẹ̀, ṣùgbọ́n ìmeèlì ọ̀dọ́mọkùnrin tó kọ́kọ́ ṣe é ni wọ́n fi gbà á. Ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ti lọ sí Kánádà. Ìránnilétí ń lọ bá a, kò kà á, orúkọ náà sì bọ́ lọ́wọ́ wa ní ọ̀sẹ̀ tí àwọn ọmọ tuntun ń gba fọ́ọ̀mù. Ìyá rẹ̀ ni a lọ bẹ̀ nílé kó tó gbé ìpè wa. Akọ̀wé, kọ gbogbo ohun tí ẹ ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù tàbí lọ́dọọdún, ẹni tó ni ìmeèlì tí wọ́n fi gbà á, àti ọjọ́ tí yóò parí.

Àbẹ̀ní: Fóònù ńkọ́? Orí WhatsApp mi ni gbogbo oníbàárà wa wà, ọ̀gá sì ní kí n kọ fóònù náà mọ́ ohun ìní ilé iṣẹ́. Owó mi ni mo fi rà á, n kò sì ní kọ ọ́.

Ọmọ Ìgbájà: Ẹ má kọ ọ́, Àǹtí.

Áfáà Onínẹ́tíwọ́ọ̀kì: Àǹtí Àbẹ̀ní, ẹ jẹ́ kí a ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀. Fóònù jẹ́ tiyín. Ṣùgbọ́n orúkọ, àdírẹ́sì àti gbèsè oníbàárà tó wà nínú rẹ̀, ilé iṣẹ́ ni wọ́n fi lé lọ́wọ́, Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 sì di ẹrù ìtọ́jú rẹ̀ lé ilé iṣẹ́ náà lórí. Ohun tó yẹ kí wọ́n kọ ni pé àkọsílẹ̀ oníbàárà wà lórí fóònù òṣìṣẹ́, kí wọ́n sì ra fóònù àti nọ́ńbà ti ilé iṣẹ́. Ti aláìsàn tún wá gba ìṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ, Akọ̀wé.

Àbẹ̀ní: Bí wọ́n bá ra fóònù, mo gbà.

Ọmọ Ìgbájà: Ṣé a kò ti sọ ọ̀rọ̀ yìí di ńlá jù báyìí? Ẹ jẹ́ kí wọ́n ra ètò tuntun, èyí tí kò bá bá a mu yóò fi ara rẹ̀ hàn.

Áfáà Onínẹ́tíwọ́ọ̀kì: Yóò fi ara hàn lóòótọ́, àmọ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀ ni yóò yàn. Equifax, ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn ènìyàn ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe ilé iṣẹ́ kékeré. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, àtúnṣe jáde fún àlébù kan nínú Apache Struts, ètò tí wọ́n fi ń kọ́ ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì, ìkéde rẹ̀ sì lọ yíká ilé iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n wọn kò ní àkọsílẹ̀ pípé nípa ibi tí wọ́n ti ń lò ó. Ibẹ̀ ni àwọn olè gbà wọlé, ìsọfúnni nǹkan bí mílíọ̀nù 147 ènìyàn sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ní tiwa níbí, Microsoft ti dẹ́kun ìtọ́jú Windows 10, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 sì ń béèrè fún TPM 2.0, ohun ààbò kan inú kọ̀ǹpútà, èyí tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò ní. Ẹni tí kò mọ ọjọ́ orí ẹ̀rọ rẹ̀ yóò san owó ètò tuntun tán kó tó mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ ra ẹ̀rọ pẹ̀lú. Akọ̀wé, má gbẹ́kẹ̀ lé ẹsẹ̀ nìkan. Wọ inú ráótà yín, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì, yóò fi gbogbo ohun tó so mọ́ ọn hàn ọ́.

Akọ̀wé Tanke: Ẹ ṣé gan-an, Áfáà. Mo ti wò ó: ohun 19 ló wà nínú ìwé mi, 31 ni ráótà fi hàn. Fóònù ni ọ̀pọ̀ nínú ìyókù, ṣùgbọ́n ọ̀kan jẹ́ kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Windows 7 ló wà lórí rẹ̀, èyí tí Microsoft ti dẹ́kun ìtọ́jú rẹ̀ láti oṣù kìíní ọdún 2020, ẹni tó ń lò ó sì sọ pé àwọn tó ta ẹ̀rọ náà fún wa ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. N kò pa á o, Ìyá. Mo ti kọ orúkọ ẹni náà sí iwájú rẹ̀, ọ̀la ni n ó sì pe àwọn tó tà á.