Update rẹpẹtẹ nígbà tí index ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́: kí lojú yín rí?

Àdùkẹ́: Ẹ̀yin ará, ẹ wá sọ tiyín. Dátábéèsì FoxPro àtijọ́ kan ni wọ́n gbé fún wa, ká fi 10% lé owó gbogbo ọjà. Ẹni tó kọ kódù ẹ̀ jẹ́ kó máa tẹ̀lé index (àtòjọ tó to rẹ́kọ́ọ̀dù tẹ̀lé ara wọn) orí owó yẹn gan-an, a wá rí àwọn ọjà kan tí owó wọn ò yí padà rárá. Kò sí error kankan o!

Lánre_B: Halloween problem nìyẹn. 1976 làwọn tó ń ṣe System R, dátábéèsì kan ní IBM, ti rí i. Wọ́n ní kó fi 10% kún owó oṣù ẹni tí tiẹ̀ ò tó 25,000 dọ́là, gbogbo wọn bá dé 25,000, torí bí owó èèyàn ṣe ń gòkè ló ń sún síwájú nínú index, update á tún bá a níwájú á tún fi kún un.

Kẹ́hìndé: Ẹ̀gbọ́n, èyí tẹ́ ẹ sọ ń tún un ṣe, ti Àǹtí Àdùkẹ́ ń fò ni. Ṣé ọ̀kan náà ni?

Lánre_B: Ìdí kan náà ni. FoxPro máa ń bá rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn lọ síbi tuntun tó sún lọ, ibẹ̀ ló ti máa mú èyí tó kàn, ó ti fo gbogbo àwọn tó wà láàárín nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ń dín owó kù ni, ẹ̀yìn ló máa padà sí.

BabaSQL: SET ORDER TO 0 (kó má tẹ̀lé index kankan) kẹ́ ẹ tó REPLACE (àṣẹ tó ń yí iye padà). Ó parí.

Sìmí: Ti àtijọ́ lẹ ń sọ, dátábéèsì òde òní ò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Kẹ́hìndé: Kódù tiwa ló ń ṣe é. Níbi iṣẹ́ wa ẹnì kan ń mú àwọn 'pending' ní 1,000 1,000, ó ń sọ wọ́n di 'done', ó sì tún ń fi 1,000 kún OFFSET (iye tó máa fò kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà). Àwọn tó ti di done ti kúrò nínú ohun tó ń kà, OFFSET tún fo 1,000 míì, bó ṣe fi nǹkan bí ìdajì sílẹ̀ nìyẹn. WHERE id > ibi tẹ́ ẹ dé ni kẹ́ ẹ máa lò.

Ronkẹ́_dev: Èmi máa ń drop (yọ) gbogbo index kí n tó ṣe update ńlá. Ó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

BabaSQL: Gbogbo ẹ̀ kẹ̀? Unique, èyí tí kì í jẹ́ kí nǹkan kan náà wọlé lẹ́ẹ̀mejì, ńkọ́? Mo ti rí ibi tí wọ́n ti yọ ọ́, tí rẹ́kọ́ọ̀dù méjì méjì wọlé, nígbà tí wọ́n fẹ́ dá a padà, CREATE UNIQUE INDEX kọ̀ jálẹ̀, ilẹ̀ mọ́ bá wọn níbẹ̀.

Ronkẹ́_dev: Ọ̀gá, mi ò sọ unique o. Lórí dátábéèsì Postgres, tẹ́ ẹ bá yí kọ́lọ́ọ̀mù tó ní index, row (rẹ́kọ́ọ̀dù) tuntun ló máa kọ, àwọn index yòókù náà á gba entry tuntun. Tí wọ́n bá jẹ́ mẹ́jọ ńkọ́?

BabaSQL: "Gbogbo" lẹ kọ lókè.

Àdùkẹ́: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sọ́dọ̀ mi. Báwo la ṣe máa mọ àwọn tó fò?

Lánre_B: Ẹ gbé backup ọjọ́ tó ṣáájú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ fi id so wọ́n pọ̀. Èyí tí owó ẹ̀ ṣì dọ́gba ló ṣẹ́ kù. Ẹ má tún ṣe REPLACE yẹn lórí gbogbo table o, àwọn tó ti gba 10% á tún gba òmíì.