Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe wẹ́ẹ̀bù láti fi gba ohùn aráàlú, kí lojú yín rí?

Adéògún: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ ṣe ojú-ewé kékeré tí aráàlú á ti máa sọ bóyá ìjọba ń ṣí ìwé ìnáwó sílẹ̀ fún wọn. Google Form àti Sheets ni mo ní. Ẹ sọ ìrírí tiyín.

Ọmọ Òkè-Àdó: Àwa mẹ́ta la ṣe tiwa n'Íbàdàn. Lẹ́tà yòówù tí èèyàn bá kọ sí iléeṣẹ́ ìjọba lábẹ́ òfin FOI, ìyẹn òfin tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé ìjọba, a ó kọ ọ́ sínú Sheets: ọjọ́ tí wọ́n gbà á, ohun tó béèrè, èsì. Òfin 2011 yẹn fún wọn ní ọjọ́ 7, wọ́n sì lè fi 7 mìíràn kún un tíṣẹ́ ẹ̀ bá pọ̀. Tọ́jọ́ bá ti kọjá, ìlà yẹn á di pupa fúnra ẹ̀. Kó tó pẹ́, gbogbo ojú-ewé ti pọ́n bí ata rodo. Lẹ́nìkan bá pè wá láti iléeṣẹ́ kan, mi ò ní dárúkọ. Inú wa dùn, a rò pé èsì dé. Ọkùnrin náà ní ọ̀gá àwọn ti rí i, ṣé a lè bá àwọn yọ àwọ̀ pupa yẹn kúrò. Lẹ́tà ńkọ́? Ó ní ìyẹn ṣì wà lórí tábìlì.

Ìyá Bọ́lá: Tábìlì ìjọba yìí tóbi o 😂😂

Kò_dámilójú: Mi ò gbà. Ọ̀gá wo ló ráyè wẹ́ẹ̀bù àwọn ọmọdé?

Ọmọ Òkè-Àdó: Ọmọdé wo? Mo ti bímọ mẹ́ta. Akọ̀ròyìn kan ló gbé e sórí Twitter, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i.

Lọ́yà Ẹ̀gbá: Iléeṣẹ́ ìpínlẹ̀ ni àbí ti àpapọ̀?

Ọmọ Òkè-Àdó: Ìpínlẹ̀.

Kò_dámilójú: Ẹ ò rí i! Òfin yẹn ò kàn wọ́n, àfi tílé aṣòfin tiwọn bá gbé e wọlé. Èkìtì ṣe tiẹ̀ ní 2011.

Lọ́yà Ẹ̀gbá: Ìyẹn ti parí láti April 2025. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní òfin náà de àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀. Ẹdó ni ẹjọ́ ọ̀hún ti wá. Ẹ máa tọ́ka sí i nínú lẹ́tà yín.

Kò_dámilójú: Ó dáa, ìdájọ́ wà. Ta ló máa mú wọn?

Délé Maryland: Ẹ fi ti lẹ́tà sílẹ̀ ná. Mo wà l'Amẹ́ríkà níbí nígbà tí Obama ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. March 2009, White House ṣí Open for Questions: o béèrè ọ̀rọ̀, o sì ń dìbò fún ti ẹlòmíì. Ìbò tó wọlé lé ní mílíọ̀nù 3. Kí lẹ rò pó wà níwájú? Pé kí wọ́n fòǹtẹ̀ lu igbó! Obama fúnra ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín nígbà tó ń dáhùn pé rárá. Ní May, wọ́n tún bi aráàlú bí ìjọba ṣe lè ṣí sílẹ̀ sí i, làwọn tó ń wá ìwé-ẹ̀rí ìbí Obama, tí wọ́n ní wọn ò bí i sí Amẹ́ríkà, bá ya bo ibẹ̀. Èmi náà dìbò ti March o. Ẹ má bi mí pé fún kí ni.

Ìyá Bọ́lá: Bọ́ọ̀dá Délé, a ti mọ̀.

Àdùkẹ́ Òṣogbo: Ẹni tó ráyè ló ń dìbò, òun náà ló ń borí. Èmi yọ ìbò kúrò, mo fi nọ́ńbà WhatsApp síbẹ̀. Ohùn làwọn ìyá wa ń fi ránṣẹ́. Tí màmá kan gùn tó ìṣẹ́jú mẹ́rin, ìkíni nìkan gba bíi mẹ́ta. Ìgbẹ̀yìn ló wá ní, "Ẹ bá mi bi wọ́n, kànga tí wọ́n láwọn gbẹ́ sílé-ẹ̀kọ́ wa, ṣé wọ́n rì í mọ́lẹ̀ ni?" Mo wá ìwé ìṣúná, mo bá kànga níbẹ̀ tòun tiye owó ẹ̀.

Lọ́yà Ẹ̀gbá: Màmá yẹn ni kẹ́ ẹ gbà síṣẹ́.

Kò_dámilójú: Kí ló dé tẹ́ ò gbé ti kànga lọ sórí Tracka, ibi tí aráàlú ti ń tọpa iṣẹ́ ìjọba? Ẹgbẹ́ BudgIT ti ní i láti 2014.

Àdùkẹ́ Òṣogbo: Mo gbé e lọ. Ìyẹn ò ní kí n má gbọ́ màmá.

Adéògún: Ṣé kí n gba orúkọ àti nọ́ńbà, kẹ́nìkan má baà dìbò nígbà ogún?

Ọmọ Òkè-Àdó: Gba nọ́ńbà, àmọ́ má fi í sínú Sheets tó wà ní gbangba. Àwọn kan tó ń kọ̀wé, ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ń kọ̀wé sí náà ni wọ́n ti ń gbowó oṣù.

Ṣọlá: Ẹ rántí owó orúkọ wẹ́ẹ̀bù náà o. Báǹkì ò jẹ́ kí kádì mi san dọ́là mọ́, orúkọ wẹ́ẹ̀bù mi bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Ìgbà tí mo padà ṣí i, ilé tẹ́tẹ́ ni.

Ìyá Bọ́lá: Ṣé wọ́n fún yín ní bónọ́ọ̀sì?

Ṣọlá: Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ fi ẹgbẹ̀rún kan síbẹ̀.